Bíréékà ilé wa ń já lójoojúmọ́: ṣé kí n gbà kí wọ́n fi 40 rọ́pò 20?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá wa. Ilé oníyàrá mẹ́ta la háyà ní Ọbántókò, níbí ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí mo ti ra fíríísà kejì tí mo fi ń ta ẹja, tí gáàsì sì ti wọ́n débi pé orí sítóòfù oníná olójú méjì ni mo ti ń dáná, bíréékà tó wà fún gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Bí ìrẹsì bá ti fẹ́ jinná báyìí, á já. Bí mo bá tan pọ́ǹpù kànga, ojú ẹsẹ̀ ni. Lánlọ́ọ̀dù rán oníná wá, ó ní 20 ló wà níbẹ̀, pé ó kéré, kí n lọ ra 40. Ọkọ mi ní ááfù kọ́rẹ́ǹtì NEPA ló ń fà á. Aládùúgbò wa ní bíréékà náà ni fèékì. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ṣé ewu wà níbẹ̀?”

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Ẹ má ra 40 yẹn. Bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ wáyà tó wà níbẹ̀ báyìí. Nínú àwọn mẹ́ta tó bá yín sọ̀rọ̀, ọkọ yín rí díẹ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò yín náà rí díẹ̀, ẹni tó gbé àpò irinṣẹ́ wá gan-an ló jìnnà sí òótọ́ jù. Kò dùn mọ́ mi láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ìmọ̀ràn yẹn ti wọ́pọ̀ jù láàárín wa, torí pé ó yá, kò wọ́n, oníbàárà á sì dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn torí pé wàhálà ti dáwọ́ dúró.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé fíríísà, tẹlifíṣọ̀n àti áyọ́ọ̀nù ni bíréékà ń dáàbò bò. Wáyà tó gba inú ògiri kọjá ni wọ́n torí ẹ̀ fi í síbẹ̀. Wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n iná tó lè gbé láì gbóná jù. Áńpù la fi ń wọn iná náà, òun ni 20 àti 40 yẹn. Rọ́bà tó bo irú èyí tí à ń lò nínú ilé kò yẹ kó máa gbóná kọjá 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, á máa gbẹ, á máa le, á máa sán, títí láìfù àti niútírà (wáyà tó ń gbé iná wá àti èyí tó ń dá a padà) á fi kan ara wọn nínú páìpù níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Bíréékà gbọ́dọ̀ já kí wáyà tó gbóná dé ibẹ̀. Nítorí náà wáyà la fi ń mọ bíréékà tí a ó lò. Iye nǹkan tí a fẹ́ tàn nínú ilé kò ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Ajá tó ń gbó lóru torí pé ó rí ẹni tó ń gun fẹ́ǹsì ni bíréékà yín. Ẹni tó ní kí ẹ gbé 40 síbẹ̀ ń ní kí ẹ di ajá lẹ́nu ni.

Ohun tí ẹ kọ nípa ìrẹsì yẹn ti sọ púpọ̀ fún mi. Nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú bíréékà kékeré. Ọ̀kan ni irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi oríṣi irin méjì lẹ̀ pọ̀. Bí iná tó ń gba inú rẹ̀ bá fi díẹ̀ ju nọ́ńbà tó wà lára bíréékà lọ, á máa gbóná, á sì máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó bá tẹ̀ tó ni yóò ta ọwọ́ bíréékà wálẹ̀. Òun kì í kánjú. Èkejì ni kọ́ìlì tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì bí iná ńlá bá yọ lójijì, bí ìgbà tí wáyà bá bíríìjì. Ìyẹn ti já kí ẹ tó ṣẹ́jú. Èyí tó ń já nígbà tí oúnjẹ ń jinná bọ̀, irin pẹlẹbẹ yẹn ni. Ẹrù ti wúwo jù, àmọ́ kò wúwo tó láti já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sítóòfù oníná olójú méjì sábà máa ń jẹ́ wọ́ọ̀tì 2000. Ẹ fi fọ́lítì 230 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpù 9. Ẹ ò dárúkọ kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n èmi kò tíì dé ilé kan tí kò sí wọn. Kẹ́tùlù wọ́ọ̀tì 2000, áńpù 9 mìíràn. Áyọ́ọ̀nù wọ́ọ̀tì 1200, áńpù 5 ó lé díẹ̀. Fíríísà méjèèjì, bí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ geere, ẹ ka áńpù kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 25. Òfin tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń ṣe bíréékà inú ilé ni IEC 60898, tí àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ohun èlò oníná gbé jáde. Ó ní bí iná bá jẹ́ ìlọ́po 1.13 nọ́ńbà tó wà lára bíréékà, kò gbọ́dọ̀ já láàárín wákàtí kan. Bó bá tó ìlọ́po 1.45, ó gbọ́dọ̀ já kí wákàtí kan tó pé. Fún bíréékà 20, ìyẹn túmọ̀ sí áńpù 22.6 àti áńpù 29. Àárín méjèèjì ni áńpù 25 yín bọ́ sí, níbi tí bíréékà lè já lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú lónìí, kó má já rárá lọ́la torí pé atẹ́gùn fẹ́ tàbí pé fíríísà kan ń sinmi. Orí bíréékà yín pé. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ló ń ṣe.

Ti pọ́ǹpù yàtọ̀ díẹ̀. Pọ́ǹpù ẹlẹ́ṣin kan (1 HP) ń jẹ bí áńpù 5 bó bá ti ń fa omi, àmọ́ bó bá fẹ́ gbéra, ó lè gba ìlọ́po márùn-ún sí méje ìyẹn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí irin inú bíréékà bá ti gbóná tẹ́lẹ̀, ìgbéra yẹn tó láti parí ọ̀rọ̀. Ẹ wo ara bíréékà náà, ẹ ó rí lẹ́tà kan níwájú nọ́ńbà: B20 tàbí C20. Kọ́ìlì inú B ń já bí iná bá tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún, ti C ń fara da á títí dé ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ B ló wà níbẹ̀, C20 lè tán ìṣòro ìgbéra pọ́ǹpù láì fi wáyà sínú ewu, torí nọ́ńbà 20 kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán nǹkan kan wò: ẹ pa ohun gbogbo, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ tan pọ́ǹpù nìkan. Bó bá ṣì já lójú ẹsẹ̀, ẹ má bá bíréékà wí mọ́. Kàpásítọ̀ pọ́ǹpù (ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra) lè ti kú, pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lè ti há, tàbí kí omi ti wọ ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ lẹ́nu kànga. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí téèpù dúdú lásán ni wọ́n sábà fi ń dì í.

Wàyí o, ẹ gbé 40 síbẹ̀, kí ẹ wo ohun tí òfin kan náà sọ. Áńpù 45 lè máa gba ibẹ̀ kọjá fún wákàtí kan gbáko, bíréékà á dúró gbọnyin. Bó bá tó 58, ó ṣì láǹfààní láti lò tó wákàtí kan kó tó já. Wáyà 2.5 (nọ́ńbà yìí ni bí okùn inú rẹ̀ ṣe sanra tó, ní mm²), tí à ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, bó bá wà nínú páìpù nínú ògiri, áńpù 20 sí 24 ni ibi tó dára kó mọ. Ìgbóná wáyà kì í bá iná lọ ní ọgbọọgba: bí iná bá di ìlọ́po méjì, ìgbóná á di ìlọ́po mẹ́rin. Kò ní jó lọ́jọ́ kìíní, kò sì ní jó lọ́sẹ̀ kìíní. Èyí ló ń jẹ́ kí ẹni tó fi 40 síbẹ̀ máa rò pé òun ṣe ohun tó dáa. Ẹ lè lo ọdún kan kí rọ́bà tó gbẹ tán.

Bíréékà 20 tó wà níbẹ̀ yẹn fi hàn pé ẹni tó wáyà ilé náà lo 2.5, àmọ́ mi ò lè búra. Nínú ilé ìháyà, mo ti rí i pé wáyà 1.5, tó yẹ fún gílóòbù àti fáànù lábẹ́ bíréékà 6 tàbí 10, ni wọ́n fà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kí owó lè dínkù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ nílé yín, 20 gan-an ti pọ̀ jù. Àwọn oníná kan á sọ fún yín pé 2.5 ń gbé 32. Òótọ́ ni, bí wọ́n bá wáyà rẹ̀ yípo, tí ó jáde láti bọ́ọ̀dù, tí ó yí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, tí ó sì padà sí bọ́ọ̀dù, iná á máa gba ọ̀nà méjì. Ẹ bi í bóyá ó ti rí orí méjèèjì nínú bọ́ọ̀dù. Ní àwọn ilé àtijọ́ ní Aké àti Ìtokò, tí wáyà wọn ṣì wà lórí pátákó lára ògiri, ẹ ó kàn tọ wáyà lójú ni, ẹ ó mọ ibi tó lọ. Ti Ọbántókò yín, inú páìpù ni, àfi ká ṣí i.

Wáyà fèékì tún wà, ó sì burú ju bíréékà fèékì lọ. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ 2.5 sí lára tí okùn inú rẹ̀ tín-ín-rín, rọ́bà ni wọ́n fi mú un sanra. Ẹ ó rí èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi kọ́pà kùn lójú. Ẹ fi bíléèdì ha okùn kan, bó bá funfun nínú, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bẹ́ ẹ bá ń ra èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wo àmì MANCAP, tí SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, fi ń jẹ́rìí sí ọjà ilé wa. Àwọn kan ń ṣe ayédèrú àmì náà, nítorí náà bíléèdì yẹn ṣì wúlò.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Ohun tó ń mú nǹkan gbóná kì í jẹ iná púpọ̀ nígbà tí ááfù kọ́rẹ́ǹtì bá dé. Bí fọ́lítì bá bọ́ sí 160, sítóòfù yín á máa jẹ áńpù 6 dípò 9, ìrẹsì á kàn pẹ́ ni. Nítorí náà, kò lè jẹ́ ááfù kọ́rẹ́ǹtì ló ń já a lórí ìrẹsì. Ṣùgbọ́n òun ló jàre lórí ohun tó ní mọ́tọ̀ nínú. Fíríísà àti pọ́ǹpù kì í gbà kí iná kéré. Bí fọ́lítì kò bá tó, mọ́tọ̀ á máa kùn láì yí, iná tó yẹ kó gbà fún ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa wá ń fà fún ìgbà pípẹ́. Bíréékà lè já nígbà náà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì lè jóná pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbà tí iná bá dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, tí fíríísà méjèèjì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí à ń fi sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná wọlé, tó sì ń gé e bí fọ́lítì bá kéré jù tàbí pọ̀ jù. Ẹ ra ọ̀kan fún fíríísà kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé bíréékà kò mọ ohunkóhun nípa fọ́lítì tó pọ̀ jù: bí wáyà niútírà bá já níbi tíránsífọ́mà, ohun tó ń wọlé lè máa lọ sí 400, bíréékà á máa wò ó.

Aládùúgbò yín ńkọ́? Bíréékà fèékì wà lọ́jà, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n àìsàn fèékì sábà máa ń jẹ́ pé kì í já nígbà tó yẹ kó já, èyí tí ẹ kò ní mọ̀ títí ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Bíréékà tó ń já kí ó tó yẹ, ohun tí mo máa ń wò ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá dè síkúrù dáadáa, ibẹ̀ á máa gbóná, ìgbóná yẹn á wọ inú lọ bá irin pẹlẹbẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, á máa rò pé ẹrù ti pọ̀ jù. Àwọn kan a tún máa gé díẹ̀ kúrò lára okùn wáyà kó lè wọ ihò bíréékà. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ara bíréékà ti pọ́n bíi ti búrẹ́dì, tàbí tí ẹ ń gbọ́ òórùn bíi ti ẹja yíyan ní ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù (ẹ̀yin náà tó ń ta ẹja lè máa fura sí ara yín), ẹ pa súwíìṣì ńlá kí ẹ sì pe ẹni tó mọṣẹ́.

Irú ibi tí nǹkan kò ti dè yìí, bó bá jẹ́ níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí pé bíréékà yín kò ní mọ̀ ọ́n. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń ki sítóòfù bọ̀ lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ á fẹ̀, kò ní gbá ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú mọ́. Áńpù 9 péré ló ń kọjá, èyí tí bíréékà 20 kò kà sí nǹkankan, síbẹ̀ ibi kékeré tí wọ́n ti fara kanra yẹn lè gbóná títí rọ́bà á fi yọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá dáná tán, ẹ pa súwíìṣì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ lé e, ẹ má lò ó mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Bó bá jẹ́ orí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ni sítóòfù yìí wà, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ. Okùn ọ̀pọ̀ ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tí à ń rà ní Kútọ̀ tàbí ní Lááfẹ́ńwá, bí áńpù 6 ni agbára rẹ̀, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sí páálí. Bẹ́ ẹ bá tún wé e jọ sẹ́yìn fíríísà, ibi tó wé jọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ yọ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ fíúsì kún un. Fíúsì kan wà nínú púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin, ó sì yẹ kó bá okùn ohun tó wà níbẹ̀ mu: 3 fún tẹlifíṣọ̀n àti ohun tí kò ju wọ́ọ̀tì 700 lọ, 13 fún kẹ́tùlù. Lọ́jà wa, 13 ni gbogbo rẹ̀. Fíúsì mìíràn tún wà ṣáájú mítà. Bí èyí bá jó, ẹ ti mọ ohun tí àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣe: wọ́n á bọ́ okùn kọ́pà méjì mẹ́ta, wọ́n á lọ́ ọ pọ̀, wọ́n á kì í bọ ibẹ̀. Ilé tó ní kọ́pà lílọ́ níta àti bíréékà 40 nínú, kò sí ohun tó lè gé iná kúrò lásìkò mọ́ bí ẹrù bá ti pọ̀ ju ohun tí wáyà lè gbé lọ.

Ẹ béèrè bóyá ewu wà. Mo ti sọ ti iná tó lè jó ilé. Èkejì ni kí iná gbé ènìyàn, àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé bíréékà kan náà ló ń ṣọ́ ìyẹn. Iná tó tó áńpù 0.03 tó ń gba àyà ènìyàn kọjá ti wọ ibi eléwu. Bíréékà 20 kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó lè jí i fi ìlọ́po ẹgbẹ̀ta ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín máa ń tutù fún omi ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríísà onírin méjì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju aládùúgbò yín lọ. Wáyà earth ló yẹ kó gbé iná tó bá jò sára fíríísà lọ sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìlú wa yìí, òkúta ló pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá earth tó yẹ kó wọlẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan àbọ̀ ló ti kan àpáta, oníná á gé ìyókù, á fi sìmẹ́ńtì bò ó. Ní ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó tún burú sí i. Ká ní agbára ìdènà earth yẹn jẹ́ ohm 20, èyí tí kò tilẹ̀ burú jù níbi àpáta, fọ́lítì 230 kò lè ti ju áńpù 11.5 gba ibẹ̀ lọ. Bíréékà 20 kò ní já láéláé. Ara fíríísà á máa gbé iná dúró, earth wà níbẹ̀, bíréékà wà níbẹ̀.

Ohun tó ń tọ́jú ìyẹn ni RCCB, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lára (áńpù 0.03 náà nìyẹn). Ó ń wọn iná tó jáde lọ àti èyí tó padà. Bí wọn kò bá dọ́gba, ó já. Bí earth yín tilẹ̀ jẹ́ ohm 20 yẹn, RCCB á gé iná kíákíá, torí áńpù 0.03 péré tó bá jò ti tó láti já a. Bọ́tìnnì T kan wà lára rẹ̀ tí ẹ ó máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ bíréékà o, ẹ nílò méjèèjì. Mo fẹ́ kí ẹ fi owó tí ẹ fẹ́ fi ra 40 bẹ̀rẹ̀ RCCB. Earth náà ṣeé tún ṣe: kí wọ́n ri ọ̀pá méjì mẹ́ta síbi tó jìnnà síra, kí wọ́n fi kọ́pà so wọ́n pọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ilé tí omi máa ń rin ilẹ̀, tàbí kí wọ́n gbẹ́ kòtò gígùn kí wọ́n sin kọ́pà lásán sínú rẹ̀. Èédú àti iyọ̀ tí à ń dà sí i ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ òjò á fọ iyọ̀ lọ, iyọ̀ náà á sì máa jẹ irin.

Kí wá ni ẹ ó ṣe sí ẹrù tó pọ̀ yìí? Èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ má tan sítóòfù, kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù àti pọ́ǹpù pọ̀. Ẹ fa omi kí ẹ tó dáná. Kí wọ́n lọ aṣọ nígbà tí oúnjẹ bá ti kúrò lórí iná. Yóò ṣiṣẹ́ dáadáa, ìṣòro rẹ̀ ni pé ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kì í rántí. Mo sì fẹ́ kí ẹ tún gáàsì rò. Wákàtí kan lórí ojú méjèèjì sítóòfù yẹn, yúníìtì 2 ti lọ lórí mítà. Ìkòkò ẹ̀wà kan lè jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi wé iye tí ẹ ń ra yúníìtì níbi tí ẹ wà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀wà àti ẹran lórí gáàsì, ẹyin àti tíì lórí sítóòfù, ló máa bá àpò yín mu jù.

Èyí tí èmi á yàn, bó bá jẹ́ ilé mi, ni kí wọ́n fa láìnì tuntun jáde láti bọ́ọ̀dù. Kí ilé ìdáná ní wáyà 4 tirẹ̀ lábẹ́ bíréékà 25. Kí fíríísà méjèèjì ní wáyà 2.5 tiwọn lábẹ́ bíréékà 16, kí ohunkóhun mìíràn má sì sí lórí rẹ̀. Ẹja yín ni mo ń rò. Bí bíréékà kan bá ṣì ń ṣọ́ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, ọjọ́ tí áyọ́ọ̀nù bá já a lálẹ́ tí gbogbo yín ti sùn, àárọ̀ ni ẹ ó rí i pé omi ń jò nídìí fíríísà. Bí ẹrù sítóòfù àti ti fíríísà bá ti kúrò lórí 20 yẹn, yóò rọrùn fún un láti gbé ìyókù. Kí wọ́n tó fa láìnì náà, kí wọ́n wo ara mítà; lára ọ̀pọ̀ mítà ilé ẹ ó rí 5(60)A, ìyẹn ni pé 60 ni òpin rẹ̀. Bí ẹ̀yin àti àwọn ayálégbé mìíràn bá jọ ń lo mítà kan, ẹ gbọ́dọ̀ ka tiwọn mọ́ ọn. Kí wọ́n sì wo wáyà tó ti orí òpó wá.

Ilé onílé ni, mo mọ̀. Wáyà inú ògiri àti earth, ti lánlọ́ọ̀dù ni. Fíríísà òwò yín, tiyín ni. Mo ti rí i tí wọ́n pín in: ayálégbé ra wáyà àti bíréékà láìnì òwò rẹ̀, lánlọ́ọ̀dù san owó iṣẹ́, ó tún earth ṣe. Ẹ jẹ́ kí bàálé yín bá a sọ ọ́ kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí àwọn oníná, bẹ́ ẹ bá lè rí i. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má ṣí bọ́ọ̀dù: bí ẹ tilẹ̀ pa súwíìṣì ńlá, wáyà tó wọ ìdí rẹ̀ láti mítà ṣì ń gbé iná.

Èmi kò rí bọ́ọ̀dù yín, ohun tí mo sọ kò sì lè borí ohun tí wọ́n bá rí nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Kí oníná náà mú clamp wá, mítà tí à ń fi ẹnu rẹ̀ gbá wáyà mú láì gé e. Ẹ tan sítóòfù, fíríísà, kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ níwájú rẹ̀, kó ka iye áńpù tó ń kọjá fún yín. Bó bá ju 20 lọ, ẹrù ló pọ̀, ẹ fa láìnì. Bí kò bá tó 18, tí bíréékà sì ń já síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ de síkúrù rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá yanjú ẹ̀, kí ó pààrọ̀ rẹ̀, 20 náà ni kó fi rọ́pò rẹ̀. Kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sára wáyà tó wọ ìdí bíréékà náà, kí ẹ ya á ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára mítà. Ìgbà náà ni mo lè sọ fún yín bóyá láìnì kan tó tàbí méjì.